Mo rò pé mo ti mọ ìtàn yìí kí n tó ṣí i: ìwé «Stay With Me» ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ìwé kan ló gbé mi dé. Láti alẹ́ àná tí mo ti kà á tán, mi ò rí ẹni bá sọ ọ́. Ọkọ mi kì í ka ìwé ìtàn, ọ̀rẹ́ mi tó fún mi níwèé náà sì ti kó lọ sí Àkúrẹ́.

Ìwé náà ti lé lọ́dún méjì nínú ilé mi. Lọ́jọ́ tí mo gbà á, mo ka ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì tì í sábẹ́ àwọn tó kù. Tọkọtaya kan ní Iléṣà, Yéjídé àti Akin. Ọdún ń gorí ọdún, ọmọ ò dé, ẹbí mú ìyàwó kejì wá. Mo ní àbí èyí náà kọ́? Láti ayé fídíò onítéèpù la ti ń wo ìtàn yìí. Ìyá ọkọ á máa sọ̀kò ọ̀rọ̀, ìyàwó á máa sunkún, wòlíì á ríran, orogún á fi nǹkan sínú ọbẹ̀, tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí fíìmù parí, ìbejì á dé. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tiransifọ́mà àdúgbò wa jó, a wà lókùnkùn fún ọjọ́ mẹ́fà. Fóònù mi kú, mo bá nawọ́ mú ìwé. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi kà á nídìí àtùpà sólà, mo sì ń fi àánú bojú wo ara mi pé ọdún méjì ni mo fi fi í sílẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ mú mi ni pé ẹni méjì ló ń sọ ìtàn náà. Yéjídé ń sọ tirẹ̀, Akin náà ń sọ tirẹ̀. Nínú fíìmù wa, ọkọ kì í sọ nǹkan kan nídìí irú ọ̀rọ̀ yìí. Àga ló máa ń jókòó lé, á máa wojú ìyá rẹ̀, á máa wojú ìyàwó rẹ̀. Níbí, ó lanu. Ẹ ó gbọ́ ohun tí Yéjídé sọ nípa òru kan, ẹ ó gbà á gbọ́ pátápátá, tó bá tó ojú ìwé mélòó kan sí i, Akin á sọ ohun tó mọ̀ nípa òru yẹn kan náà, ara yín á bù máṣọ.

Èkejì ni ìyá ọkọ. Mọ̀ọ́mi fẹ́ràn Yéjídé. Ìyá Yéjídé kú níjọ́ tó bí i, àwọn ìyàwó bàbá rẹ̀ ò sì jẹ́ kó gbàgbé rẹ̀ títí tó fi dàgbà, nítorí náà ọwọ́ Mọ̀ọ́mi ló ti kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ọmọ fún ìyá. Obìnrin yìí náà ló wá bá a sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì. Ká ní ó kórìíra rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá fúyẹ́ létí mi.

(Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fojú ara yín kà á, ẹ fo ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé èyí.)

Akúra ni Akin. Ó mọ̀. Ó mọ̀ kí ó tó gbé e níyàwó, ó jẹ́ kí wọ́n máa fi obìnrin náà gòkè, kí wọ́n máa fi í sọ̀, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, àbúrò rẹ̀, Dọ̀tun, ló fi wá ojútùú. Ẹ ti mọ irú ojútùú tí mò ń wí.

Ohun tí mò ń rò láti àná nìyí: nínú ilé yẹn, kò sẹ́ni tó kórìíra ẹnì kejì. Ìfẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni kò sí, ìfẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ irọ́ náà kó má bàa tú. Mo mọ ilé kan tó rí bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kà á, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí níbẹ̀?

Ọmọ Obòkun

Àbẹ̀kẹ́, o ṣeun tó o gbé e wá. Iléṣà ni mò ń gbé, ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Ọmọ mi obìnrin ló rà á fún mi nítorí orúkọ ìlú wa.

Ìgbà yẹn ló mú èmi. Ọdún 1985 ni ìtàn bẹ̀rẹ̀, ọdún tí Babangida gbàjọba lọ́wọ́ Buhari, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ. Ọ̀rọ̀ ìjọba ń lọ lórí rédíò, àwọn èèyàn ń lọ síbi iṣẹ́, Yéjídé ń bá àwọn èèyàn ṣerun ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ayé ń yí lókè, àwa ń bá tiwa lọ nísàlẹ̀. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé 1988 ni wọ́n bí òǹkọ̀wé yìí, mo pe ọmọ mi pé kó tún un yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìlú Èkó ni wọ́n ti bí i, ó gbé Iléṣà ní kékeré, kí wọ́n tó kó lọ sí Ifẹ̀. Ẹni tí ò tíì dáyé nígbà náà ló sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀.

Ibi tí àwọn olè ti kọ lẹ́tà sí àdúgbò pé àwọn ń bọ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè rò pé ó hùmọ̀ rẹ̀ ni. Kò hùmọ̀ ọ. Wọ́n kọ ọ́ sí wa rí. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì ilé kan ní òpópónà wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń ṣọ́nà, tàdá tòun ìbọn ọdẹ, àwọn ìyàwó ń se kókó fún wa lóru. Wọn ò wá mọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó sun oorun gidi fún odindi oṣù mẹ́ta.

Lórí Mọ̀ọ́mi, mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ rẹ. Ẹ padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n ti mú Fúnmi, ìyàwó kejì, wọlé. Ta ló mú un wá? Bàbá Lọlá tó jẹ́ ẹbí ọkọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Martha náà wà níbẹ̀, ìyáálé nínú àwọn ìyàwó bàbá Yéjídé. Ilé bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló bá wọn mú orogún wá bá a. Èyí ni mo kà tí mo fi dìde, tí mo jáde lọ síta díẹ̀.

Akéwì Kékeré

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú, èmi ò lè bá yín yìn ín tó bẹ́ẹ̀. Mo kà á dé ibi tí àṣírí Akin ti tú, mo sì pa á dé.

Ìdí mi ni pé ọpọlọ mi ò gbà á. Yunifásítì Ifẹ̀ ni Yéjídé lọ. Ó lọ́ṣọ́ọ̀bù, ó ń báwọn obìnrin jókòó látàárọ̀ dalẹ́, àwọn obìnrin tí wọ́n ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbi ìdirun. Ó bá ọkùnrin sùn sílé fún ọdún bíi mélòó kan, kò mọ̀ pé ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ láàárín tọkọtaya kò ṣẹlẹ̀? Báwo? Tí òpó yìí bá wó, gbogbo ilé ìtàn náà wó nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣàlàyé fún mi, torí gbogbo èèyàn ló ń yin ìwé yìí, ó sì ń dùn mí pé ibi tí wọ́n dé, èmi ò dé ibẹ̀.

Adéọlá Peckham

Akéwì, àbúrò mi, ìbéèrè rẹ tọ́. Gbogbo wa tá a kà á la bi ara wa. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí.

Nọ́ọ̀sì ni mí níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wá ọmọ ni mo wà. Àwọn èèyàn wa máa ń wá dáadáa. Obìnrin ló máa ń kó fáìlì dání, fáìlì tó nípọn bí Bíbélì: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, skánì, àyẹ̀wò ilé ọmọ. Tí mo bá ní kí wọ́n mú ti ọkọ wá, wọ́n á kọ́kọ́ dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, ti ọkùnrin ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ike kékeré kan ni. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí abẹ. Nínú bí ìdajì àwọn tí ọmọ ò tètè dé bá, ọ̀rọ̀ ọkùnrin wà nínú rẹ̀, yálà tirẹ̀ nìkan tàbí tòun taya rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2023 pé nínú ẹni mẹ́fà tó ti dàgbà, ọ̀kan á bá ìṣòro àìrọ́mọbí pàdé láyé rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò iye ọkùnrin tó wà níbẹ̀.

Mo ti rí obìnrin tó kàwé ju èmi lọ, tí kò mọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Akin ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tí Yéjídé mọ̀. Ohun tí Akin bá pè ní ìgbéyàwó, òun náà ni Yéjídé mọ̀ sí ìgbéyàwó. Ta ni ì bá sọ fún un? Nígbà tí wọ́n ń sin ọmọbìnrin lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ ló máa ń fà á wọ yàrá. Yéjídé ò ní. Ní ti ṣọ́ọ̀bù, Akéwì, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín níbẹ̀. Kò sí obìnrin tó ń sọ ohun tí kò rí gbà lórí ibùsùn rẹ̀ fún ẹni tó ń dirun fún un, pàápàá tí gbogbo wọn bá ti ń pè é ní àgàn lẹ́yìn.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí inú mi dùn sí bí nọ́ọ̀sì. Ikùn Yéjídé tó yọ, tí ìrírí oyún gbogbo ń ṣe é, tí skánì ń sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń rò pé wèrè ni, tàbí irọ́. Àìsàn gidi ni. Ọmú á kún, nǹkan oṣù á dúró, ikùn á gbé sókè, obìnrin á sì búra pé òun mọ ìgbà tí ọmọ sọ. Mo ti di ọwọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀ mú rí nígbà tí dókítà ń bá a sọ̀rọ̀. Òǹkọ̀wé yìí ò fi Yéjídé ṣẹ̀sín nínú gbogbo ìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n Adéọlá, ẹ ṣé gan-an. Èmi náà rò ó nígbà tí mò ń kà á, àmọ́ mi ò lè gbé e kalẹ̀ báyìí.

Àánú tí òǹkọ̀wé ní fún Yéjídé yẹn ló mú mi lórí òkè àdúrà náà. Ẹ rántí: wọ́n ní kó fa ewúrẹ́ funfun kan gun òkè lọ bá wòlíì, kò gbọdọ̀ ní àpá lára, ó fà á dókè, wọ́n wá ní kó fún un lọ́mú. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ojú ewé yẹn, mo ti múra pé máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dàárín, mo rí i pé èmi náà ti ń gbàdúrà pé kí nǹkan náà ṣẹ. Mo mọ̀ pé kò lè ṣẹ, mò ń gbàdúrà.

Màmá mi gun òkè bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe nítorí ọmọ. Ó lọ nítorí bàbá mi.

Olùkọ́ Èdè

Ẹ jẹ́ kí èmi náà mú tèmi wá, torí iṣẹ́ mi ni. Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama.

Àkọlé ìwé yìí ni kí ẹ wò. Nígbà tí mo rí i níta, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, bí orin tí ọkùnrin ń kọ fún obìnrin tó fẹ́ já a sílẹ̀. Mo kà á dé ibi tí wọ́n ti bí ọmọ kẹta, obìnrin, tí wọ́n sọ ọ́ ní Rótìmí. Mo dákẹ́. Mo yí èèpo ìwé padà, mo tún àkọlé kà. Dúró tì mí. Orúkọ ọmọ ni wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì kọ síwájú ìwé láti ọjọ́ yìí, a ń wò ó, a ò dá a mọ̀.

Orúkọ àbíkú ni. Mọ̀ọ́mi mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ méjì ti lọ, Ọlámidé àti Ṣẹ́san. Àwọn baba wa ò kàn ń sọ ọmọ lórúkọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ni. Málọmọ́ ń bẹ̀ ẹ́. Dúróoríìkẹ́ ń ṣèlérí fún un. Bánjókòó ń fi àga lọ̀ ọ́. Kòsọ́kọ́ ń dẹ́rù bà á pé ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ ti tán. Nínú gbogbo wọn, Rótìmí ni mo rò pé ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Kò bẹ̀bẹ̀ pé kó má kú, kò ṣèlérí ohunkóhun. Ó kàn ní kó dúró ti òun.

Mo sì fẹ́ kí ẹ kíyè sí àlọ́ tó wà níbẹ̀. Ti Olúrónbí tó jẹ̀jẹ́ ọmọ rẹ̀ fún Ìrókò, gbogbo wa la gbọ́ ọ ní kékeré, a sì mọ orin rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń dá Olúrónbí lẹ́jọ́ pé ta ló rán an níṣẹ́, kí ló dé tí kò jẹ́jẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ bí àwọn yòókù. Lẹ́yìn ìwé yìí, mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní àlọ́ náà, mi ò sì lè dá a lẹ́jọ́ mọ́. Ọmọ kan bi mí pé, «Mà, ṣé ọkọ Olúrónbí ò sí nílé ni?» Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń pa àlọ́ yẹn, mi ò béèrè rí.

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ «The Secret Lives of Baba Segi's Wives» ti Lọlá Ṣónẹ́yìn. 2010 ló jáde, ọdún méje ṣáájú èyí. Ìbàdàn, ìyàwó mẹ́rin, Bọ́láńlé tó kàwé ni ìyàwó ìkẹyìn nínú wọn, òun nìkan ni kò bímọ. Wọ́n ti fi í ṣe eré orí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2018. Mi ò ní sọ àṣírí tirẹ̀ fún ẹni tí kò kà á, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ka méjèèjì, ẹ ó rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ti Bàbá Ṣẹ̀gi jù. Ariwo wà nínú ilé yẹn. Wọ́n ń jà, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń gbìmọ̀ ibi, ẹ ó gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Ilé Akin dákẹ́ jù fún mi.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá

Ọmọ Ẹ̀gbá, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mo fẹ́ràn níbẹ̀. Ilé Bàbá Ṣẹ̀gi, mo lè wò ó láti ìta kí n sì máa ṣàánú wọn. Ti Akin, mo bá ara mi nínú pálọ̀ wọn. Bàbá mi ò na màmá mi rí, ohùn ò ròkè nílé wa rí. Aládùúgbò ń fi wá ṣàpèjúwe fáwọn ọmọ wọn. Mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kí n tó mọ̀ pé mo ní àbúrò méjì ní Ṣágámù, màmá mi sì ti mọ̀ láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì. Ó ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn.

Mi ò tíì kọ èyí síbì kankan rí.

Ọmọ Obòkun

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Màmá rẹ ṣe gudugudu. Ṣé ó wà láyé?

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá

Ó wà, sà. Ẹ ṣé, sà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa lọ kí i.

Akéwì Kékeré

Mo padà sí i lánàá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Adéọlá. Orí tí Akin ń sọ nìkan ni mo kà, mo fo ti Yéjídé, mo kà á bí ẹni pé ọ̀rẹ́ mi ló jókòó tì mí tó ń rò ó.

Mo ṣì rò pé òǹkọ̀wé ì bá fún wa ní ojú ìwé kan sí i lórí bí Yéjídé ò ṣe mọ̀. Mi ò tíì kúrò lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mo sá fún. Bàbá mi ní kí n má sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọkùnrin tó wà nínú ìwé yẹn ló ń pa ohun kan mọ́ra, Akin wá pa tirẹ̀ mọ́ra títí ó fi ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò lè gbọ́ kó má figbe bọnu. Òru tí Fúnmi já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, níjọ́ tí wọ́n sọ Ọlámidé lórúkọ, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fẹ́ bínú sí Akin, mo sì bínú sí i. Àmọ́ mo mọ ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀. Ohùn tiwa ni, ohùn «kò sí nǹkan kan, mo wà dáadáa».

Adéọlá Peckham

Akéwì, Ọlọ́run á bù kún ọ. Ọkùnrin díẹ̀ ló ń padà síbi tó ti pa ìwé dé.

Mo gbàgbé láti sọ ti jẹ́nótáìpù, ó sì ṣe pàtàkì, torí òun ló mú Ṣẹ́san lọ. Ṣẹ́san àti Rótìmí, SS ni wọ́n, àìsàn tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Tí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS, ìdá méjì ni AS, ìdá kan ni AA. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta tirẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kò sí pé ti àkọ́kọ́ ti jẹ́ SS, èkejì ti bọ́ nìyẹn. Ní Nàìjíríà, nínú ẹni mẹ́rin, bí ẹnì kan ló ní AS lára, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀ ní 1985.

Ọmọ ò lè jẹ́ SS àfi kó gba S lọ́dọ̀ ìyá, kó gba S lọ́dọ̀ ẹni tó bí i lọ́kùnrin. Ẹni tó bá ń fi irọ́ bo ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ, bébà ilé àyẹ̀wò lè tú u síta lọ́jọ́ tí kò rò. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń kà á, ẹ ó rí i bí òǹkọ̀wé ṣe fọgbọ́n lò ó.

Àwọn dókítà kan ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú láyé ọjọ́un, SS ló pa wọ́n.

Ìyá Dúró

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i.

Mo ra ìwé yìí nígbà tó jáde. Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo kà á dé ibi tí dókítà ti ń ṣàlàyé ara Ṣẹ́san fún wọn, mo sì gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó máa lọ. Àkọ́bí mi ló wà níbẹ̀. Orúkọ mìíràn ló ń jẹ́, àmọ́ òun ni. Ìrora ọmọ ìka, ojú tó pọ́n bí iyeyè, «Mọ́mì, ẹ fọwọ́ pa ẹsẹ̀ mi». Ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ̀ ṣègbéyàwó, kò sẹ́ni tó bi wá ní jẹ́nótáìpù, ì báà ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà ṣe nílé. AS ni mí, AS lòun náà. Lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ, àwọn èèyàn ń sọ oríṣiríṣi. Nígbà tí mo bí èkejì, ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, sọ ọ́ ní Dúrójayé. Mo bínú sí i. Mo ní ṣé ó ń pe ọmọ mi ní àbíkú ni? Ó ní, «Rárá o, ìyàwó mi. Mò ń bẹ̀ ẹ́ ni.»

Olùkọ́, ohun tí ẹ kọ lókè nípa orúkọ wọ̀nyẹn ni mo kà tí mo fi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Dúró ti wọ yunifásítì báyìí. AS lòun. Ó ga ju bàbá rẹ̀ lọ.

Olùkọ́ Èdè

Mà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú ọ̀fọ̀ ti ọjọ́ náà. Kí Dúró dúró pẹ́.

Ọmọ Obòkun

Àmín. Àmín o.

Ìyá Dúró

Ẹ ṣé gbogbo yín.

Mo fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́. Ìwé náà ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì fẹ́ gbà á padà. Ṣùgbọ́n mi ò lè tún rìn ín lójú afọ́jú. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ òpin rẹ̀ ní gbangba, kí ẹ sì má sọ ọ́ ní gbangba. Kí ẹ kàn kọ ọ́ sí mi níkọ̀kọ̀: ṣé Rótìmí dúró?

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá

Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín, mà.

Ìyá Dúró

Mo ti rí i. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi pé kó fi fún awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́la.